Ẹ Lọ Gba Lílé Orin Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà Sílẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Akéde, Ìbàdàn

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo òṣìṣẹ́ Rédíò àti Tẹlifíṣàn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ (BCOS),
Ilé Akéde, Oríta Baṣọ̀run,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. A kí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìròyìn, a sì kí ẹ̀yin tí ẹ ti ń jókòó ti ẹ̀rọ kí àkùkọ tó kọ.

Ọ̀rọ̀ orin la bá wá. Orin tí àwọn àgbẹ̀ kọ nígbà ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà, tí wọ́n bá ìjọba jà nítorí owó orí, lọ́dún 1968 sí 1969, ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà kan ní àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní ẹni ọdún 75 báyìí. Ọmọdé tó ń gbe orin lẹ́yìn bàbá rẹ̀ lọ́nà oko, òun náà ti di bàbá àgbà. A fẹ́ kí ẹ gbé ọkọ̀ àti ẹ̀rọ yín lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó jẹ́ ìgbèríko Ìbàdàn, ìyẹn Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Làgelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, kí ẹ lọ gba àwọn orin náà sílẹ̀. A ó sọ ìdí tí a fi ń bẹ̀ yín, a ó sì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí pé iṣẹ́ yìí rọrùn láti bà jẹ́.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nínú orin ìjà náà: “Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san.” Lórí fóònù àti nínú ọ̀pọ̀ ìwé, “Oke mefa” ni wọ́n ń kọ, láìsí àmì. Ọ̀dọ́ tó bá kà á báyẹn, òkè ni yóò rò, bí Òkè Màpó tàbí Òkè Àrẹ̀mọ. Òkè kọ́ o. Ọ̀kẹ́ ni, àpò owó ẹyọ. Ogójì owó ẹyọ ló ń wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló kún ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Nígbà tí owó òyìnbó dé, àwọn bàbá wa fi tuntun wé ògbólógbòó: ẹgbàá di sísì, ìyẹn ààbọ̀ ṣílè, ẹgbàajì di ṣílè kan, ọ̀kẹ́ kan di ṣílè márùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà wá jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè, ìyẹn pọ́ùn kan àti ṣílè mẹ́wàá. Nígbà tí náírà gba ipò pọ́ùn ní January 1973, tí pọ́ùn kan di náírà méjì, ọ̀kẹ́ mẹ́fà yẹn ì bá jẹ́ náírà mẹ́ta.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1968, owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́tipẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọrin náà kò fi owó ẹyọ ra ohunkóhun rí láyé wọn, síbẹ̀ iye owó orí tí wọ́n fẹ́ san, ọ̀kẹ́ ni wọ́n fi kà á. Ìṣirò àwọn bàbá ńlá wọn ni wọ́n gbé dojú kọ ìwé ìjọba. Ẹni tó bá kọ “oke” láìsí àmì ti pa ìṣirò náà rẹ́, ó sì ti pa ohun tí wọ́n ń béèrè rẹ́ pẹ̀lú, torí pé ohun tí orin yẹn ń sọ ni iye: iye báyìí la ó san, a ò san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó bí ìjà náà wà nínú ìwé. Iye tí àjọ tó ń ra kòkó ń san fún àgbẹ̀ kò wú àgbẹ̀ lórí. Ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, owó orí àti oríṣiríṣi ìdáwó sì ń pọ̀ sí i. Akówó-orí ń lé ènìyàn wọ igbó, wolé-wolé ń gbowó ìtanràn, ọ̀nà oko sì wà bó ṣe wà. Ní November 26, 1968, àwọn àgbẹ̀ ya wọ Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ sì di ìbọn. Ìjọba Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Ayọ̀ọlá ni alága rẹ̀. Ìjà náà kò tán síbẹ̀. Ní July 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́. Ní September ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ní October ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní apá Àkànràn, tí ọ̀rọ̀ wá lójú.

Ẹ kíyè sí i pé orin kì í di déètì mú. Ẹ lè bi àgbà tó mọ ogún orin lórí, kí ó má lè sọ bóyá ọjọ́ Ajé ni wọ́n lọ sí Màpó tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Orin kò sì ní sọ ibi tí àdéhùn parí sí fún yín. Ohun tí wọ́n béèrè ni orin mọ̀, ohun tí wọ́n rí gbà wà nínú ìwé ìjọba. Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹ fi orin rọ́pò ìwé. Ìwé ti ní ilé tirẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní ilé ìkówèésí Kenneth Dike àti ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà kan náà. Orin ni kò ní ilé mìíràn ju ọ̀fun àwọn tó kọ ọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ mọ̀ pé orin wa ní lílé, ó ní ègbè. Ègbè kúrú, gbogbo ènìyàn ló ń gbè é. Bí ẹnì kan bá ṣì í, ohùn ogún ènìyàn yóò bò ó mọ́lẹ̀, yóò sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ègbè fi ń pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ lílé yàtọ̀. Ẹnì kan ló ń lé orin, ó sì ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bí ọjọ́ ṣe ń yí. Inú lílé ni orúkọ baálẹ̀ tó ta abúlé rẹ̀ máa ń wà, àti orúkọ odò tí wọ́n sùn sí, orúkọ ẹni tó kú, iye tí akówó-orí gbà lọ́wọ́ opó kan. Ẹni tó ń lé orin bá kú, ègbè yóò ṣẹ́kù, lílé yóò bá a wọ ilẹ̀. “Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san” tí gbogbo wa mọ̀, ègbè ni. Lílé rẹ̀ là ń wá.

Ohùn tún ń ṣọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ fi dò, re, mí wo ègbè náà: ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san, dò mí, mí dò, re mí re. Bí ẹnì kan bá fi “òkè” sí i, dò dò ni yóò kọ́kọ́ dún, etí àgbà yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti ṣì í. Orin tí a dá láti inú èdè wa máa ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, kò dà bí àwọn orin ìjọ àtijọ́ kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn òyìnbó, tí ìtumọ̀ sì fò lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìgba ohùn ti sọ ẹ̀rí kan nù. Ẹni tó bá gba ohùn láìfi àmì kọ ọ̀rọ̀ ti sọ èkejì nù.

Ẹ wo Abẹ́òkúta. Ní November 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tó tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jókòó ti ààfin Aké nítorí owó orí, orin ni wọ́n sì fi ń bá ọba wí. Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí ìtẹ́ fún sáà kan. Àwọn ìwé ìyá náà wà ní Kenneth Dike, níbí ní Ìbàdàn. Àwọn olùwádìí kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú àwọn orin náà jáde, èébú inú wọn kò sì kéré. Àmọ́ ìwé kì í kọrin. Ẹ̀gbá ní ọ̀rọ̀ lórí ìwé, ohùn rẹ̀ ṣòro láti rí. Tiwa níbí, ohùn ṣì wà lẹ́nu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí lórí ìwé. Ẹ̀yin ni ẹ ní ẹ̀rọ tó lè so méjèèjì pọ̀.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ má lọ bá ẹnì kan ṣoṣo. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Àgbà tó bá dá jókòó síwájú máíkì kò ní ẹni tí yóò gbè é, orin yóò sì já lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ méjì. Wọn yóò wá sọ pé “Màmá ti gbàgbé.” Wọn ò gbàgbé, ẹnì kan ni kò gbè é fún wọn. Ẹ wá ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jọ dàgbà ní abúlé kan náà, kí obìnrin wà níbẹ̀. Èyí èkejì yóò rán èkíní létí, ẹ̀kẹta yóò ní irọ́ ni, báyìí kọ́ ló lọ. Àríyànjiyàn yẹn gan-an, ẹ gbà á sílẹ̀. Ẹ má pa ẹ̀rọ.

Kí ẹ tó kúrò ní Baṣọ̀run, ẹ fi ẹ̀rọ sí WAV, 48 kHz, 24-bit. Máíkì kan, wákàtí kan, yóò gba nǹkan bí 520 MB. Mẹ́mórì káàdì 64 GB yóò gbà ju ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ, nítorí náà kò sí ìdí láti fi MP3 gbà á nítorí àyè. MP3 ṣeé yọ lára WAV nígbàkígbà, àmọ́ ohun tí MP3 bá ti gé sọ nù kò ní padà.

Máíkì ẹni tó ń lé orin, ẹ gbé e sí nǹkan bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu rẹ̀, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, torí èémí ẹnu máa ń gbá máíkì tó bá kọjú sí ẹnu tààrà. Ti àwọn tó ń gbe orin, ẹ gbé e jìnnà tó mítà méjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà rèé: ìgbà ìkíni ni wọ́n máa ń wọn ohùn, “Bàbá, ẹ kú ilé,” ohùn pẹ̀lẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà, àtẹ́wọ́ yóò bọ́ sí i, ègbè yóò gòkè, gbogbo rẹ̀ yóò sì fọ́. Ohùn tó bá ti fọ́ kò ṣeé tún ṣe. Ègbè ni kí ẹ fi wọn ohùn, pẹ̀lú àtẹ́wọ́, kí ibi tó ga jù má kọjá nǹkan bí -12 dB.

Yàrá tó ní ẹní àti kọ́tìnì dára ju gbọ̀ngán oníbíríkì tuntun lọ, torí ohùn kì í padà bọ̀ níbẹ̀. Ẹ pa fáànù. Ẹ bẹ aládùúgbò kí ó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ sì fún un ní owó epo ọjọ́ náà. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọjà, ẹ má sì lọ ní ọ̀sán Jímọ̀. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà sílẹ̀, ẹni tó bá máa tún ohùn ṣe lẹ́yìn ọ̀la yóò nílò rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọjọ́, abúlé àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sórí rẹ̀, torí ìwé tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń sọ nù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá wọn lẹ́nu. Kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìkọrin, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó béèrè ìtumọ̀: ta ni ẹni tí ẹ dárúkọ yìí, kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Bí ẹ bá ní, “Màmá, ṣé kì í ṣe ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni?” wọn yóò ní “Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni, ọmọ mi,” torí àlejò ni yín, wọn ò fẹ́ dójú tì yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iye mìíràn ni wọ́n fẹ́ dá, kí ẹ sì ti fi ọwọ́ ara yín pa á.

Bí àgbà kan bá dé ibì kan tó dákẹ́, tó ní “Èyí kì í ṣe ohun à ń sọ níta,” ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjà náà ní ọfọ̀ nínú, ó ní oògùn nínú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni rédíò gbọ́dọ̀ gbé.

Ọ̀rọ̀ tó le jù rèé, a kò sì fẹ́ fò ó. Àwọn orin yìí dárúkọ ènìyàn. Ọmọ ẹni tí orin pè ní ọ̀dàlẹ̀ lè máa gbé ilé kejì sí ilé ẹni tó ń kọrin náà. Fún orin kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ bóyá ó ṣeé gbé sáfẹ́fẹ́, bóyá fún ìwádìí nìkan ni, tàbí kí ẹ tì í pa di ọdún tí òun fúnra rẹ̀ bá dá. Ẹ gba ìdáhùn náà sílẹ̀ ní ohùn rẹ̀. Ní ti èébú, ẹ má gé e kúrò lára ojúlówó. Ẹ̀dà tó ń lọ sáfẹ́fẹ́ ni kí ẹ gé, nítorí òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Èébú inú orin ìjà jẹ́ ẹ̀rí: ó ń sọ ohun tó dun àwọn ènìyàn wọra.

Ẹ pamọ́ ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan ní Ilé Akéde, ọ̀kan ní ilé ìkówèésí, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó kọrin. Ẹ má fi WhatsApp rán ojúlówó. Ó lè fún ohùn pọ̀, ó sì lè yí orúkọ fáìlì padà. Kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn ni iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò jù. Wákàtí kan orin lè gba odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan, ó sì yẹ kí ọmọ abúlé náà jókòó ti ẹni tó ń kọ ọ́, torí ẹ̀ka èdè Ìbàdàn ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wá láti ibòmíràn kò ní gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ wa tó ga jù ni pé kí ẹ gba orin ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán kí ẹ tó gbé ọ̀kan sáfẹ́fẹ́. Ohùn yín lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí Olúyọ̀lé FM bá gbé ti Àkànràn sáfẹ́fẹ́ ní Ọjọ́ Ajé, nígbà tí ẹ bá fi dé Ìdó ní oṣù tó ń bọ̀, ti Àkànràn ni wọn yóò kọ fún yín, wọn yóò sì rò pé òun ló tọ̀nà. Bí ìgbà bá tó láti gbé e sáfẹ́fẹ́, ẹ má gbé ẹyọ kan rí. Méjì tó yàtọ̀ síra ni kí ẹ máa gbé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ṣí fóònù fún àwọn tó ń gbọ́: báwo lẹ ṣe kọ tiyín? Ẹ kọ abúlé ẹni tó pè sílẹ̀, kí ẹ lọ bá a.

Ó tún kù. Bí téèpù àtijọ́ bá wà nínú yàrá ìpamọ́ yín, ẹ wò ó kí ẹ tó jáde. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ní orin àwọn àgbẹ̀, ẹ ṣẹ́ ike kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan lé e. Èyí tó bá ti hu funfun tàbí tó ń lẹ̀, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ láti dán an wò. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí yóò dún, kí ẹ̀ẹ̀kan náà jẹ́ ìgbà tí ẹ̀ ń gbé e bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Ti October 2020 kì í ṣe irú èyí. Nígbà ìwọ́de EndSARS, orin tí àwọn ọ̀dọ́ kọ ní Sẹkitéríàtì Agodi àti ní Ìwó Road wà lórí fóònù wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Níbẹ̀, orin kò wọ́n, orúkọ ló wọ́n. Fóònù ń bàjẹ́, wọ́n ń jí i, fídíò sì ń wà láìsí ọjọ́ tàbí ibi. Ẹ ké sí wọn lórí afẹ́fẹ́ kí wọ́n kó o wá pẹ̀lú okùn fóònù, kì í ṣe lórí WhatsApp, kí ẹ sì sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́, ibi àti ìlà àkọ́kọ́ orin rẹ̀ lójú ẹni tó mú un wá.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ènìyàn mẹ́ta tó fún ìrìn àkọ́kọ́: ẹni tó mọ ẹ̀rọ, ẹni tó mọ àmì ohùn kọ, àti àgbà kan tí àwọn ará abúlé mọ̀, tí yóò ṣáájú yín wọlé kí wọ́n má baà rò pé akówó-orí tún dé. Ẹ mú obì dání. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀nà-Àrà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí páànù ló bo ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, bí òjò bá sì ti bọ́ sí i, kò sí máíkì tí yóò gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ.

Àwa tí à ń kọ orin ìjà sílẹ̀,
Ìbàdàn.